Fífọ mọ́tò nílé nígbà ọyẹ́ láìha ọ̀dà, láìjẹ́ kí omi fi àmì sílẹ̀

Ará Gwarinpa:

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn tó ń fi àkísà gbígbẹ gbọn eruku orí mọ́tò láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, torí pé kí ọṣẹ tó kan ọ̀pọ̀ mọ́tò ní Àbújá ni wọ́n ti bà á jẹ́.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa. Láti aṣálẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, á gba òkè ọya kọjá títí á fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kúnná lóòótọ́, ṣùgbọ́n yanrìn wà nínú rẹ̀, yanrìn tó le tó láti ha gíláàsì. Ọ̀dà mọ́tò kò sì le tó gíláàsì. Ìpele tó ń dán lókè ọ̀dà, tí àwọn apọ̀dà ọkọ̀ ń pè ní clear, kì í sábà ju mílímítà 0.04 sí 0.05 lọ, bébà tí à ń tẹ̀wé sí nípọn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí àkísà bá wọ́ yanrìn yẹn kọjá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fa ìlà tirẹ̀. Ẹ tan iná fóònù sí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò dúdú lálẹ́, ẹ ó rí àwọn ìlà náà tín-ín-tín-ín, wọ́n á yí iná ká bí okùn aláǹtakùn. Mọ́tò funfun àti aláwọ̀ eérú ní wọn pẹ̀lú, kìkì pé ojú kì í tètè rí i.

Nítorí náà, ọwọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ kan mọ́tò títí omi yóò fi ṣan eruku náà kúrò. Ìyẹ́ tí wọ́n ń tà lójú pópó fún gbígbọn eruku náà kò yàtọ̀ sí àkísà. Bí mọ́tò bá dọ̀tí tí omi kò sì sí, ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Eruku tó kàn jókòó sórí ọ̀dà kò ha nǹkan kan.

Ará Kubwa:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní họ́ọ̀sì, ọwọ́ mai ruwa, ẹni tó ń ti omi kiri tà, ni omi ti ń wá. Bí èèyàn bá sì ń fi ife bu omi dà sórí mọ́tò, omi á sáré gba ojú kan kọjá, eruku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì dúró síbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìfọ́nko tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, oní lítà 16, ni ojútùú rẹ̀. Tuntun ni kí ẹ rà. Èyí tó ti gbé oògùn apakòríko rí kò ṣeé lò. Ẹ yan ẹnu tó ń fọ́n omi fẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń ta á bí ọfà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó fọ Corolla tàbí mọ́tò tó bá a dọ́gba. Lítà 8 pẹ̀lú ṣíbí ńlá kan ọṣẹ mọ́tò ni ẹ ó kọ́kọ́ fọ́n sí i lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ibi kankan má baà ṣẹ́ kù ní gbígbẹ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3. Lítà 10 ni ẹ ó fi ṣan án láti òkè wá sílẹ̀. Lítà 10 á wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́ṣẹ, 10 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa ṣan aṣọ sí, 12 tó kù sì wà fún ìṣan ìkẹyìn. Táyà kò sí nínú ìṣirò yìí o, ẹ wá omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Jíìpù á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Kaduna:

Àbúrò, ìṣẹ́jú 3 yẹn dára lásìkò òjò. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ọṣẹ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ á ti gbẹ kí ẹ tó dé òrùlé. Ọṣẹ tó bá gbẹ sórí ọ̀dà á fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìhà kan ni kí ẹ máa fọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣan án, kí ẹ tó yí sí ìhà kejì. Bí ẹ bá rí i pé etí rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ tún omi díẹ̀ fọ́n sí i.

Ní ti ìfọ̀ fúnra rẹ̀, rọ́bà ọ̀dà ilé oní lítà 20 mẹ́ta tó, ẹ kàn fọ ọ̀dà inú wọn kúrò dáadáa. Ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán, ọ̀kan fún táyà nìkan, ẹ fi máákà kọ orúkọ sí wọn lára kí wọ́n má baà pààrọ̀. Táyà àti rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, torí eruku tó ń jáde lára bíréèkì ní irin nínú, ẹ̀ẹ́rí rẹ̀ á sì ta sára ilẹ̀kùn. Aṣọ tó bá ti kan rímù kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà mọ́ láé.

Ní ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi lásán, ẹ da ajọ̀ oníke bolẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi òkúta mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ ra orí ajọ̀ náà, yanrìn á já bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kò sì ní lè gbéra padà wá bá aṣọ. Bí ẹ bá parí, ẹ yọ ajọ̀ náà kí ẹ wo ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà níbẹ̀ ni ì bá ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín.

Aṣọ maikirofáíbà, aṣọ rírọ̀ onírun wẹ́wẹ́ yẹn, mẹ́fà ni kí ẹ ní. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ ó rí ojú mẹ́jọ lò lára rẹ̀. Ojú kan fún ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí i sí òmíràn. Ìlà tààrà ni kí ọwọ́ máa fà, láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ má ṣe yí i po, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi agbára tẹ ibì kan, ìdọ̀tí ibẹ̀ kò tíì rọ̀ ni. Ẹ padà fọ́n ọṣẹ sí i. Òrùlé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, apá òkè ilẹ̀kùn. Apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ló gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ pupa pọ̀ sí jù.

Ẹ yé lo fóòmù pẹlẹbẹ yẹn. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, yanrìn kò ní ibi tó máa sá wọ̀, àárín fóòmù àti ọ̀dà ni yóò wà, á sì máa ha á lọ.

Ará Karu:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọṣẹ ìfọbọ́ ńkọ́? Òun ló wà nílé.

Ará Kaduna:

Ọ̀rá ni wọ́n ṣe é láti bó, ó sì máa ń bó wáàsì, ìda tí a fi ń dáàbò bo ọ̀dà, pẹ̀lú. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn gbangba: omi tí ń ṣù jọ tẹ́lẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi wáàsì tuntun sí i. Ọṣẹ lúbúlúbú tí a fi ń fọṣọ burú jù ú lọ, torí èyí tí kò bá yọ́ tán nínú omi á wà nínú aṣọ bíi yanrìn. Ọṣẹ mọ́tò gidi kò wọ́n tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Bí ẹ bá fi kún un, ẹ kàn ń wá iṣẹ́ ṣíṣan kún iṣẹ́ ni.

Ará Lugbe:

Ọ̀rọ̀ ṣókí fún ẹni tó ní pressure washer, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ta omi. Ẹnu oní dígírì 40 ni kí ẹ lò, kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀dà. Níbi tí páńẹ́ẹ̀bítà ti ṣiṣẹ́ rí, tàbí tí ọ̀dà ti ń sán, ẹ sún sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á wọ abẹ́ rẹ̀ á sì ká a kúrò. Ẹ wo wọ́ọ̀tì ara ẹ̀rọ náà kí ẹ tó rà á: ọ̀pọ̀ ń jẹ iná 1,400 sí 1,800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e.

Ará Sabon Gari, Kano:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ìlà. Ẹ jẹ́ ká sọ ti àmì omi, torí omi bọ́hóòlù ń bá wa jà níhìn-ín.

Ẹ wá gíláàsì dúdú kan, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ kán omi bọ́hóòlù sí i lójú kan, omi ẹ̀rọ lójú kejì, omi òjò lójú kẹta. Ẹ jókòó tì í. Etí ẹ̀kán omi náà kì í sún, àárín rẹ̀ ló máa ń fẹ́lẹ́ lọ títí tó fi gbẹ. Níbi tí etí rẹ̀ wà, òrùka funfun á jáde. Kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù inú omi ni, èyí kan náà tó ń di èèpá funfun sínú kẹ́tù. Omi tí òrùka rẹ̀ bá nípọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ fúnra rẹ̀ lára mọ́tò. Kànga àdúgbò kan lè yàtọ̀ sí ti ilé tó kọjú sí i, nítorí náà omi ilé tiyín ni kí ẹ dán wò. Ní Àbújá, omi Water Board tó ń ti Lower Usuma Dam wá, omi orí ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní in àti bọ́hóòlù, kí ó kán méjèèjì wò kó tó yan èyí tó máa fi ṣan án kẹ́yìn. Ẹ má sì rò pé omi inú ọ̀rá kò ní nǹkan nínú torí pé ó mọ́ lójú.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ìbòji. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ dúró. Ìbòji dongoyaro àti máńgòrò dára nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá parí, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí oje àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ, ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó rọ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ má fi èékánná ha á.

Nígbà ìṣan ìkẹyìn, ẹ yọ ẹnu họ́ọ̀sì kúrò, kí omi máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti orí òrùlé. Omi á kó ara rẹ̀ jọ, á sì ṣàn lọ lápapọ̀, díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù. Bí omi yín bá le, ẹ fi lítà 5 omi òjò tàbí omi tí ń jáde lára AC ṣe àṣekágbá, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kọ́kọ́. Lásìkò òjò ni AC ń mú omi wá dáadáa. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ní omi tí yóò fún un. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́ láti oṣù kẹjọ, kẹsàn-án. Omi òjò pẹ̀lú, ẹ má gbe èyí tó kọ́kọ́ ṣàn lórí páànù. Ẹ jẹ́ kí ó ṣan òrùlé fún bí ìṣẹ́jú 15.

Ẹ nu ún lójú ẹsẹ̀. Táwẹ̀lì maikirofáíbà ńlá tó nípọn, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, ẹ tẹ́ ẹ sórí òrùlé, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ fà á wá sọ́dọ̀ yín jẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù, ẹ nu etí wọn, ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́, ibi ìdìmú ilẹ̀kùn àti abẹ́ iná ẹ̀yìn. Omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, á tún ṣàn jáde nígbà tí ẹ bá ti wọlé lọ jókòó.

Ará Karu:

Àmì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ará Gwarinpa:

Fínígà funfun àti omi, ìwọ̀n kan náà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara pamọ́. Lábẹ́ ìbòji, lórí ọ̀dà tó tutù tó sì ti mọ́, ẹ fi aṣọ tó rin bo àmì náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ nù ún, kí ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ púpọ̀ ṣan án. Bí ó bá lọ, ẹ̀fun orí ọ̀dà lásán ni. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ó ti jẹ wọnú clear nìyẹn, fínígà kò lè ràn án mọ́, ọwọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán ọ̀dà ló kù. Ẹ má fi fínígà síbi tí ọ̀dà ti ṣí tí irin hàn. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò fínígà, kíkan rẹ̀ kò ní ìwọ̀n kan pàtó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ará Kubwa:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti gíláàsì iwájú kún un. Ẹ má tan wáípà sórí eruku gbígbẹ, ó ń ha gíláàsì náà ní ìlà róbótó tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lálẹ́ á máa tàn sí. Ẹ da omi sí i kọ́kọ́, ẹ gbé wáípà sókè, kí ẹ fi aṣọ tútù nu rọ́bà rẹ̀.

Ará Kaduna:

Àti àwọn aṣọ náà. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ wọ́n nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ olómi, láìpo èyí tí ń mú aṣọ rọ̀ mọ́ ọn, torí ó ń dí ojú wọn, wọn kò sì ní fa omi mọ́. Inú ilé ni kí ẹ sá wọn sí lásìkò ọyẹ́, kí ẹ kó wọn sínú ọ̀rá bí wọ́n bá ti gbẹ. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ mọ́tò, kódà bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ti táyà ló ti dà.