Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú: kí lẹ rántí?

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀yin ará, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, bí ọ̀gá mi bá rán mi lọ ra ìṣó, Tinúbú ni mo máa ń gbà kí n lè wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ìdílé Fernandez, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà (àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sílé), ló kọ́ ọ lọ́dún 1855, wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó tẹ̀ lókè bí ọrun ọdẹ! Ọ̀gá mi ní kò sí ẹni tó lè fa irú etí fèrèsé bẹ́ẹ̀ mọ́. Àsọdùn díẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí onítọ̀hún.

Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ilé ń gbó lọ, ìkéde wà nínú ìwé. Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016, nígbà tí Ìsàlẹ̀ Èkó dá, ni katakata wó o.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ò tán ṣá. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894: João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ.

Ìyá Pópó:
Bíríkìlà, o ṣeun. Pópó Àgùdà ni wọ́n bí mi sí. Ṣé ká sọ òótọ́? Ilé ẹbí ni Ilojo Bar. Bí ajogún bá pọ̀, tí òfin tún ní ẹ ò gbọ́dọ̀ yí nǹkan kan padà lára rẹ̀, ta ni yóò dáwó àtúnṣe? Ẹni tó bá sọ ilé ẹni di ti gbogbo ìlú, kó mú owó ọ̀dà wá.

Frejon ni wọn ò rí wó. Gúùdù Fúráìdè kan ò lè kọjá kí n má se ẹ̀wà olómi àgbọn pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ọlọ ni ìyá mi fi ń lọ̀ ọ́; ẹ̀rọ ni tèmi, ẹ má bá mi wí. Àwọn aládùúgbò tí kò ní Àgùdà kankan nínú ẹbí, Mùsùlùmí pàápàá, ń gbé abọ́ wá. Wọ́n tún ń bi mí léèrè bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé.

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ ṣé, Mà. Ẹni tó bá ní fọ́tò inú ilé náà, àtẹ̀gùn tàbí àjà, kó jọ̀ọ́ gbé e wá. Iwájú ilé nìkan ni gbogbo èyí tí mo rí.