Mílíọ̀nù 50 kéèyàn tó lè ṣí báǹkì kékeré lábúlé, ṣé CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ò ti le jù báyìí?

Alájẹṣẹ́kù_Òkè
Ẹ kú ilé o. Àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa ń rò ó pé ká sọ ẹgbẹ́ di microfinance bank, báǹkì kékeré tó ń yá mẹ̀kúnnù lówó, torí báǹkì ńlá tó wà nítòsí ti kó lọ, ẹni tó bá fẹ́ fowó pamọ́ àfi kó wọkọ̀ lọ sígboro. La bá wádìí, wọ́n ní Tier 2, ìyẹn tìgbèríko tí ò gbọdọ̀ kọjá ìjọba ìbílẹ̀ kan, owó ìpìlẹ̀ ẹ̀ mílíọ̀nù 50. Tìgboro, 200 mílíọ̀nù! Bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 20 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ o. Kí ló dé tí wọn ò lè dẹ okùn díẹ̀ fáwọn kékeré, àbí olówó nìkan ló yẹ kó máa ṣe báǹkì?

Ìyá_Aláṣọ
Ẹ má dẹ okùn kankan jàre! Microfinance bank 132 ni CBN gba láísẹ́ǹsì wọn ní May 2023, èyí tí mò ń dáwó sí wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń wá gbowó ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, àfi bá a ṣe ń wá a tá ò rí i mọ́. Nígbà yẹn, 200,000 náírà péré ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tá a fi sí báǹkì, ń san fẹ́ni tówó ẹ̀ há sí microfinance, ìyókù dìgbà tí wọ́n bá rí dúkìá báǹkì tà. 2024 ni wọ́n tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù 2. Kí wọ́n tún fa okùn ọ̀hún le sí i ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá01
Màmá ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ṣiṣẹ́ nírú báǹkì yìí, owó ìpìlẹ̀ kọ́ ló ń pa á o. Àwọn ọ̀gá tó ń yá ara wọn lówó tí wọn ò dá a padà ni. Ní 2010 CBN gba láísẹ́ǹsì 224 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òfin owó ìpìlẹ̀ ti wà nígbà yẹn. Ohun tó yẹ kí wọ́n dẹ̀ ni wàhálà ìwé, ríkọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, owó ọ̀dítọ̀, owó sọ́fútíwíà, MD tó gbọ́dọ̀ ní sátífíkéètì, àwọn nǹkan yìí ò mọ̀ pé báǹkì ẹ kéré, ẹ wá yá àgbẹ̀ aláta ní 50,000, èlé wo lẹ máa gbà lórí ẹ̀ tó máa gbé gbogbo ìyẹn? Ṣùgbọ́n ti lóònù àwọn dírẹ́kítọ̀, kí wọ́n má dẹ̀ ẹ́ rárá.

Bọ̀dá_Houston
Lọ́dọ̀ wa l'Amẹ́ríkà níbí wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 2018, Trump ló buwọ́ lu òfin náà. Báǹkì tí dúkìá ẹ̀ ò tó bílíọ̀nù 10 dọ́là, tó bá ti ní owó tara ẹ̀ tó ju ìwọ̀n kan lọ (9% dúkìá ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2020), wọ́n yọ ọ́ nínú ìṣirò jágbajàgba táwọn ńlá ń ṣe. Ẹ kíyè sí i o, owó ìpìlẹ̀ tó pọ̀ ni wọ́n fi ra wàhálà ìwé tó kéré, ẹ̀yin wá fẹ́ kí méjèèjì kéré. Òfin yẹn kan náà ló gbé ààlà dúkìá tí wọ́n ti ń ṣọ́ báǹkì lójú méjèèjì kúrò ní bílíọ̀nù 50 dọ́là lọ sí 250, Silicon Valley Bank, báǹkì ńlá kan níbí, sì bọ́ sáàárín, ó wó ní March 2023. Orúkọ àwọn kékeré ni wọ́n fi tọrọ ẹ̀, àwọn ńlá ló jẹ ẹ́.

Alájẹṣẹ́kù_Òkè
Háà, bọ̀dá, mi ò rò ó débẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá, tá a bá wá dúró bí ẹgbẹ́ wa ṣe wà yìí, ṣé a lè gbowó lọ́wọ́ ará ọjà tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́?

Ọmọ_Ẹ̀gbá01
Ẹ ò gbọdọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, NDIC ò sì ní dá sí i tó bá dàrú. Èló lẹ ti kó jọ ná?