Ibi tí wọ́n kọ "Ẹ̀yà" sí lórí fọ́ọ̀mù: kí la máa fi síbẹ̀ ní Ṣàgámù?

ỌmọMàkún:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kan fẹ́ ka àwọn tó ń gbé àdúgbò mélòó kan ní Ṣàgámù, láti Sábó wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Màkún. Wọ́n fẹ́ mọ èdè tí wọ́n máa fi kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì fẹ́ mọ ilé tí omi kò dé. Fọ́ọ̀mù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ibi "Ẹ̀yà" ni ọ̀rọ̀ há sí. Àwọn kan ní ká kọ Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Àwọn Mìíràn, ó ti parí. Àwọn kan fárígá pé Rẹ́mọ gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀ tí èèyàn á máàkì. Ẹnì kan ní ká yọ ọ́ dànù, pé ìkànìyàn ìjọba gan-an kò béèrè ẹ̀. Báwo làwọn ìlú ńlá tí oríṣiríṣi èèyàn kún inú wọn ṣe ń ṣe é? Èwo la lè mú lò níbẹ̀?

Alákọsílẹ̀ Òde:

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ "ìkànìyàn" kúrò lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fi ìkànìyàn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹ pe tiyín ní ìwádìí àdúgbò.

Ẹni tó ní ìjọba kò béèrè kò parọ́. Fọ́ọ̀mù 1963 béèrè ẹ̀yà àti ẹ̀sìn, ti 2006 kò béèrè ìkankan nínú méjèèjì. Iye èèyàn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pín ìjókòó ilé aṣòfin àti owó, gbogbo ẹ̀yà ló sì fẹ́ pọ̀ ju ẹnìkejì lọ. Wọ́n fagi lé ti 1962, wọ́n tún fagi lé ti 1973. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi lè sọ fún yín pé èèyàn 253,412 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù ní 2006, tí kò sì lè sọ mélòó ló jẹ́ Tápà tàbí Ègùn nínú wọn. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń to iye ẹ̀yà Ṣàgámù lẹ́sẹẹsẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í léèrè ibi tó ti kó o wá.

Ní ti òkè òkun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pín in. England àti Wales kò béèrè rárá títí di 1991. Lórí fọ́ọ̀mù ọdún yẹn, kò sí àpótí kan pàtó fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá ẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó. 2001 ni wọ́n tó dá ìsọ̀rí àdàlù sílẹ̀. Ní 2011 wọ́n mú àwọn ará Ṣáínà kúrò lábẹ́ "mìíràn", wọ́n kó wọn sábẹ́ Éṣíà, wọ́n sì fi àpótí Lárúbáwá kún fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tó fi máa di 2021, àpótí ti di 19. Ọmọ Rẹ́mọ tó ń gbé Peckham ní London máa mú ìsọ̀rí àwọn aláwọ̀ dúdú, á máàkì African, ọwọ́ ẹ̀ ló wá kù sí bóyá á kọ Nigerian, á kọ Yoruba, tàbí á fi àlàfo náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àpapọ̀. Tí ẹ bá wo àtẹ kíkún, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa bọ́ sí. Nítorí náà, iye "Yoruba" tí ẹ bá rí níbẹ̀, iye àwọn tó rántí kọ ọ́ ni.

Ti Amẹ́ríkà ló yẹ kó dẹ́rù bà yín díẹ̀. Láti 2000 ni wọ́n ti gbà kí èèyàn máàkì ju ẹ̀yà kan lọ. Ní 2010, lẹ́tà 30 ni wọ́n ń gbà nínú ohun tí èèyàn bá fọwọ́ kọ, wọ́n á sì fún un ní kóòdù méjì péré (kóòdù ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dúró fún ìdáhùn). Ní 2020, ó di lẹ́tà 200 àti kóòdù mẹ́fà, wọ́n sì fi ìlà ìkọ̀wé sábẹ́ àpótí aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú (Nigerian wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀). Àwọn tó jẹ́ ju ẹ̀yà kan lọ fò láti mílíọ̀nù 9 sí mílíọ̀nù 33.8. Èèyàn kò bímọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá! Àjọ ìkànìyàn wọn fúnra ẹ̀ sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe kóòdù ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní March 2024 wọ́n tún yí òfin ẹ̀ padà. Ìbéèrè nípa àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Spanish, tó ń dá wà tẹ́lẹ̀, ti wọnú ìbéèrè ẹ̀yà. Àwọn ará Àárín Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà, tí wọ́n ti ń kà mọ́ aláwọ̀ funfun, sì ní àpótí tiwọn.

Tí ẹ bá fẹ́ tún ka àdúgbò yìí lọ́dún márùn-ún òní, ẹ má yí ìbéèrè náà padà láìní ìdí tó lágbára.

Tíṣà Ìlíṣàn:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìwé. Ẹni tó mú bírò lọ́wọ́ lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Òun ló máa ń ba ọ̀rọ̀ ẹ̀yà jẹ́ jù. Á dé Sábó, á rí fìlà àti jalàbíà, á kọ Hausa, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Fúlàní wà níbẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, Kanuri àti Zabarma wà níbẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń sọ Yorùbá ju òun alára lọ lè wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe kọ Ìgbò fún Ìbìbíò àti Urhobo. Ẹ sọ ọ́ di òfin: kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ, ilà ojú, aṣọ tàbí ẹ̀sìn mọ ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Kó béèrè pé, "Ẹ̀yà wo lẹ pe ara yín?", kó sì kọ ohun tí etí ẹ̀ gbọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ má tẹ àpótí kankan síbẹ̀. Ẹ fi ìlà méjì tó ṣófo sílẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe kóòdù tí ẹ bá délé. Ẹni tó bá gba "Àwọn Mìíràn" wọlé kò lè tú u ká mọ́ láéláé, ẹni tó bá sì gba Ìdomà, Àgàtú àti Tiv sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣì lè kó wọn pọ̀ lọ́la.

Ní ti ìjà Rẹ́mọ yẹn, kóòdù onípele méjì ló máa parí ẹ̀. 10 jẹ́ Yorùbá lásán, 11 Ìjẹ̀bú, 12 Rẹ́mọ, 13 Ẹ̀gbá, 14 Ọ̀yọ́, ẹ máa tò ó lọ. Ẹ kíyè sí i pé Rẹ́mọ kò sí lábẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú kò sì sí lábẹ́ Rẹ́mọ. Ẹni tó bá mọ ìjà tó wà láàárín Akárígbò, ọba Rẹ́mọ, àti Awújalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, láyé òyìnbó kò ní fi kóòdù dá ẹjọ́ yẹn. Nọ́ńbà 10 ṣe pàtàkì o. Ẹni tó bá ní "Yorùbá ni mí", tó dákẹ́, ẹ má tì í sí 12 torí pé Màkún ló ń gbé.

Tí fọ́ọ̀mù bá dé, kí ẹni méjì ṣe kóòdù fọ́ọ̀mù 50 kan náà láì wo ti ara wọn. Tí wọ́n bá yàtọ̀ ní ibi tó ju márùn-ún lọ, àtẹ kóòdù yín ni kò yanjú. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

ỌmọMàkún:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tí wọ́n bí sí Sábó, tó sì ń sọ Hausa nílé ńkọ́?

Alákọsílẹ̀ Òde:

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ pa pọ̀ yẹn: ẹ̀yà, ibi tí wọ́n bí i sí, èdè. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ìdí tẹ́ ẹ fi ní ìlà méjì nìyẹn: kọ Ìjẹ̀bú, kọ Ìgbò, kà á sí ọ̀nà méjèèjì. Àpapọ̀ ẹ̀yà máa wá ju iye èèyàn lọ, ẹ kọ ọ́ sókè àtẹ kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo pé ẹ ṣe òjóró. Kánádà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gba tó orírun mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìbéèrè nípa aláwọ̀ dúdú tàbí funfun sì wà níbòmíràn lórí fọ́ọ̀mù náà.

Àmọ́, tó bá jẹ́ pé tìtorí ìkéde abẹ́rẹ́ ni, èdè lẹ nílò. Ẹni tẹ́ ẹ kọ Fúlàní fún lè má gbọ́ Fúlfúldé rárá. Ẹ fi èdè ṣáájú, ẹ̀yà lẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ kò bá lè sọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀yà ṣe, mo fara mọ́ ẹni tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́.

Tíṣà Ìlíṣàn:

Kí n fi èyí kún un. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ẹ̀yà àti ẹ̀sìn sí ohun ẹlẹgẹ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi kóòdù 99 sílẹ̀ fún "kò fẹ́ dáhùn", kẹ́ ẹ má sì bínú sí i. Ìlú tí Yorùbá àti Hausa ti kọlu ara wọn ní 1999 ni à ń sọ, ẹ̀rù lè ba èèyàn láti dáhùn. Kí orúkọ wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, kí nọ́ńbà ilé nìkan so méjèèjì pọ̀. Ẹ má gbé iye tí kò tó mẹ́wàá jáde fún òpópónà kan, torí tí ẹ bá kọ "Kanuri: 2", gbogbo àdúgbò ti mọ ilé wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù dáhùn fún ayálégbé. Tí wọn kò bá sí nílé, ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Tí ẹ kò bá bá wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ iye èèyàn tó wà ní yàrá náà, kẹ́ ẹ fi kóòdù 98, "a kò bá wọn", sí ibi ẹ̀yà.