Ọ̀yọ́ kan, ọ̀nà ìtẹ̀ mẹ́ta: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kì í rí orúkọ tó wà níwájú rẹ̀?

Atẹ̀wé béèrè pé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àkójọ orúkọ ìlú Yorùbá kan wà lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá wá Ọ̀yọ́, díẹ̀ ló ń jáde. Àwọn yòókù wà níbẹ̀, ojú ń rí wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní kò sí. Fọ́ǹtì kan náà ni o. Ṣé kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò ni?

Akódù fèsì:
Ẹ má yọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà tẹ Ọ̀yọ́ fún yín. Nọ́ńbà tí ètò Unicode fún lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fi U+ bẹ̀rẹ̀, là ń pè ní kóòdù. Àwọn kan lo Ọ (U+1ECC), àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300), y, ọ (U+1ECD), àmì ohùn òkè (U+0301). Kóòdù 5 nìyẹn, báìtì 11 ní UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pa kóòdù mọ́). Àwọn mìíràn tẹ O lásán, wọ́n fi àmì abẹ́ (U+0323) sí i, kí wọ́n tó gbé ohùn lé e: kóòdù 7, báìtì 11. Àwọn ìyókù tẹ Ò (U+00D2), wọ́n wá fi àmì abẹ́ tẹ̀lé e: kóòdù 5, báìtì 9. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ojú rí.

Nínú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), unicodedata.normalize("NFC", s) yóò sọ gbogbo wọn di ti àkọ́kọ́; NFC ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ di kóòdù kan níbi tí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ bá wà. Ẹ ṣe é fún ohun tó wà nínú àkójọ, kí ẹ sì ṣe é fún ohun tí ẹni tó ń wá nǹkan bá tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan kò tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ohun kan wà tí NFC kò lè tún ṣe. Àwọn kan ń lo ìlà òòró abẹ́ (U+0329) nítorí ó jọ ti ìwé àtijọ́. Àmì ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Ẹ fi U+0323 rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe NFC.

Ẹ tún ṣọ́ra fún \w (tó dúró fún lẹ́tà tàbí nọ́ńbà èyíkéyìí) nínú re, irinṣẹ́ Python fún wíwá ọ̀rọ̀. Kò ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà, nítorí náà \w+ á gé Ọ̀yọ́ sí "Ọ" àti "yọ". Ẹ kọ [\w\u0300-\u036f]+ dípò rẹ̀.

Aláfọ́ǹtì fèsì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un. Ẹ àti ọ ní kóòdù tiwọn ní Unicode nítorí pé èdè Vietnam ń lò wọ́n. Ní èdè yẹn, àmì abẹ́ gan-an ni ohùn, kò sí ìdí láti tún gbé ohùn mìíràn lé e lórí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: àmì abẹ́ ń sọ irú fáwẹ̀lì, àmì orí ń sọ ohùn, a sì nílò méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò fi ní kóòdù kan ṣoṣo. Wọn kò sì ní ní in, torí òfin Unicode ni pé a kì í fi kóòdù tuntun sílẹ̀ fún ohun tí a lè fi èyí tó wà tò pọ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Láti ayé Crowther ni àmì abẹ́ ti wà, ìpàdé Èkó ọdún 1875 sì ti fìdí àkọtọ́ náà múlẹ̀.

Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe ibi ìdúró àmì sí á ju ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Charis SIL, Gentium àti Noto Sans ń gbé e bó ṣe yẹ.

Akódù fèsì:
Lórí yíyọ àmì: bí ẹ bá yọ ọ́, odò Ògùn àti òrìṣà Ògún di ọ̀kan, ogun àti ogún náà á dà pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣí òpó (column) méjì sí i nínú àkójọ náà fún wíwá nǹkan. Fún òpó kìíní, ẹ ṣe NFD (òdìkejì NFC, tó ń tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ká), ẹ pa U+0300, U+0301 àti U+0304 (àmì ohùn àárín) rẹ́, ẹ dá U+0323 sí, kí ẹ padà sí NFC. Fún èkejì, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, fún ẹni tó ń tẹ̀ láìsí àmì. Èyí tó bá ojúlówó mu ni kó kọ́kọ́ jáde.

Nínú òpó méjèèjì, ẹ sọ ɛ di ẹ, ɔ di ọ, kp di p, sh di ṣ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin ṣe ń kọ ọ́. Sh yẹn á tún mú Oshogbo àti Ogbomosho wá. Kò léwu: kò sí sh tàbí kp nínú àkọtọ́ tiwa lónìí.

Atẹ̀wé fèsì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. A tún fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Aláfọ́ǹtì fèsì:
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú GSM-7, àkójọ lẹ́tà ìpìlẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́. Nínú lẹ́tà kékeré, à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí bá wọlé, ààyè náà já sí 70, tàbí 67 fún ìpín kọ̀ọ̀kan bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ sì ń jẹ ààyè méjì. Nítorí náà, lẹ́tà 160 tí àmì ohùn 40 wà lórí ẹ àti ọ inú rẹ̀ di 200, ìpín mẹ́ta sì ni wọ́n máa gba owó rẹ̀. Ẹ ṣe NFC kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, torí NFD á tún fi ààyè kan kún un fún àmì abẹ́ kọ̀ọ̀kan.