Kí a tó ra ilé ní abúlé Riverside lẹ́bàá Chicago

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Rogers Park:

Mo kí gbogbo ilé o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń san owó fún onílé ní Rogers Park nínú ìlú Chicago, a sì ti tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́ tí a fẹ́ fi ra ilé tiwa. Alágbàtà tó ń bá wa wá ilé mú wa lọ wo ọ̀kan ní Riverside ní Sátidé tó kọjá: ilé bíríkì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tó ní yàrá abẹ́ ilé, tí igi óákù ńlá kan sì dúró níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ìwé tí wọ́n fún wa ló ń pe ibẹ̀ ní Village. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní ṣé torí kí n lè lọ gbé abúlé ni àwọn fi ta ilẹ̀ rán mi lọ sí Amẹ́ríkà. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ apá ibẹ̀, kí ló yẹ kí a mọ̀ kí a tó fọwọ́ sí ìwé? Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Riverside:

Ẹ kú ìmúra ilé tuntun, àbúrò wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé Riverside, ẹ sì bá mi sọ fún màmá pé abúlé tiwa kò ní baálẹ̀, Ààrẹ ló ní. Òfin ìpínlẹ̀ Illinois ló fa orúkọ yẹn. Ìlú tó bá ní ìjọba tirẹ̀ lè jẹ́ city, ó lè jẹ́ village, ó sì lè jẹ́ town, títóbi tàbí kíkéré rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo àwa àti àwọn aládùúgbò wa: Berwyn jẹ́ city, Cicero jẹ́ town, àwa àti Brookfield jẹ́ village, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wakọ̀ kọjá lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń gbé Riverside tó bí 9,000, a sì jìnnà sí àárín gbùngbùn Chicago ní nǹkan bíi máìlì 9.

Ààrẹ náà àti ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà tí ará ìlú dìbò yàn ló ń ṣe òfin, wọ́n sì gba ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń bá wọn darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹ ń kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cook County, agbègbè ńlá tó kó Chicago àti àwa pọ̀, kan náà ni ẹ wà. Ọlọ́pàá ibẹ̀ yàtọ̀, òfin ilé kíkọ́ yàtọ̀, òfin igi pàápàá yàtọ̀. 311 tí ẹ máa ń pè ní Chicago bí iná òpópónà bá kú kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, òfin Illinois sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n lẹ ètò ìpàdé síta ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, kí wọ́n sì fún ará ìlú láàyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ lè lọ jókòó sí ọ̀kan kí ẹ tó ra ilé rárá, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó ń dun àwọn ará ibẹ̀ látẹnu ara wọn. Ìbò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Oṣù kẹrin ọdún tí kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n máa ń dìbò ìlú, àwọn ọmọ onílùú Amẹ́ríkà nìkan ló sì wà fún. Ẹni tó bá ṣì ń lo green card, bí wọ́n bá fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbò lọ̀ ọ́ níbi tó ti lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, kí ó yára sọ pé òun kò fẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìbò ti ba ìwé ìgbélùú àwọn kan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ nípa igi óákù yẹn, nítorí ó ní ìtàn. Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux, àwọn tó ya Central Park ní New York, ló ya àwòrán Riverside ní 1869 fún ilé iṣẹ́ kan tó ti ra nǹkan bí éékà 1,600 sí etí odò Des Plaines, níbi tí ojú irin ti gbà kọjá. Iná ńlá jó Chicago ní 1871. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n àtúnkọ́ Chicago yẹn fa owó àti òṣìṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Riverside, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì dojú dé ní 1873, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. 1875 ni abúlé náà tó di ìjọba ara rẹ̀. Olmsted gbà pé òun kò lè pàṣẹ irú ilé tí ènìyàn yóò kọ́, àmọ́ ó fẹ́ kí ilé jìnnà sí títì, ẹsẹ̀ bàtà 30 sì ni wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀; ó tún fẹ́ kí igi kan tàbí méjì tó tutù yọ̀yọ̀ wà láàárín ilé àti títì. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá inú ilẹ̀ yín ni óákù yẹn wà tàbí lórí ilẹ̀ etí títì. Bó bá jẹ́ etí títì, ti abúlé ni, ẹ ò gbọdọ̀ fi àdá kàn án. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ ka owó àtigé ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ owó ilé, nítorí kò kéré.

Olmsted kò sì fẹ́ kí títì kankan tọ́ gbọnrangandan. Ó ní kí wọ́n máa rọra yí bí odò ṣe ń yí, kí ara lè tu ẹni tó ń rìn. Ara kò tu àlùfáà wa lọ́jọ́ tí a kó àwọn ìbejì jáde: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọjá lẹ́bàá ilé gogoro omi tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n ń pè mí pé àwọn tún ti padà síbi kan náà, tí omi, oyin àti obì ti wà lórí tábìlì, tí àwọn àgbàlagbà sì ti ń wo aago. Láti ọjọ́ náà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń ní kí àlejò dúró sí, èmi yóò sì lọ mú un. Fìtílà gáàsì ni iná òpópónà wa títí di òní. Ó lẹ́wà bí yìnyín bá ń bọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ bí ti Chicago, ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru yóò sì rí ìyàtọ̀ náà.

Aṣírò Owó, Brookfield:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó korò. Àwọn ènìyàn wa máa ń wo iye ilé àti èlé báńkì, wọn kì í wo owó orí ilé, bẹ́ẹ̀ owó orí yìí ló ń lé àwọn kan kúrò nínú ilé tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní Cook County nìyí. Ká ní ọ́fíìsì Assessor, ìyẹn àwọn tó ń díye lé ilé, sọ pé ilé yín tó 400,000 dọ́là. Wọn yóò mú ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 40,000, wọn yóò wá fi nọ́ńbà kan tí ìpínlẹ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún sọ ọ́ di púpọ̀. Nọ́ńbà náà máa ń sún mọ́ 3, nítorí náà ẹ fi 120,000 sọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé inú ilé náà ni ẹ̀yin fúnra yín ń gbé, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó onílé tó ń yọ 10,000 kúrò, èyí tó kù jẹ́ 110,000. Orí èyí ni wọn yóò ti gba owó orí. Bí ohun tí gbogbo àwọn tó ń pín owó náà ń gbà bá jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún lápapọ̀, èyí tí mo mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ, 11,000 dọ́là lọ́dún ni, tàbí 917 lóṣù kan, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí gbèsè báńkì. Abúlé nìkan kọ́ ló ń gbà á. Ilé ìwé ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, àwọn ilé ìkàwé, ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí àti àwọn tó ń tọ́jú igbó náà sì ń bu tiwọn.

Ẹ má ṣe gba iye tí onílé àtijọ́ ń san gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹ ó san. Bí àgbàlagbà tó ju ọdún 65 lọ bá ló ni ilé náà, ó ṣeé ṣe kó ní ẹ̀dínwó tí kò ní kan ẹ̀yin.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀yìn ni owó orí yìí ń tẹ̀lé: ti ọdún tó kọjá ni à ń san lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni, àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n san lórí ilé náà lọ́dún tó ṣáájú. Bí ẹ bá ra ilé lóṣù kẹfà, onílé àtijọ́ ti gbé ibẹ̀ fún oṣù márùn-ún tí ìwé owó orí rẹ̀ kò tíì jáde, ẹ̀yin ni ìwé náà yóò sì bá nílé. Kí lọ́yà yín rí i pé wọ́n yọ owó yẹn fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ gba lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ilé ní Illinois, ẹ má fi ti alágbàtà ṣe lọ́yà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún iye ilé dá. Agbègbè wa kàn ní 2023, 2026 ló sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá díye lé tiyín ju ti àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò lọ, ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn fúnra yín láìsan owó fún ẹnikẹ́ni, bí Assessor bá sì kọ̀, ẹ gbé e lọ sí Board of Review, ìgbìmọ̀ tó ń tún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Èmi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo jàre lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Alásè, Bellwood:

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Nínú ọ̀pọ̀ abúlé apá ibí, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí títì láti bí aago méjì òru títí di ìdájí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru tó sì máa ń ní àlejò gbọ́dọ̀ ka iye ọkọ̀ tí inú ọgbà ilé náà gbà. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi ti Houston wá kí wa ní abúlé kan tí a gbé tẹ́lẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló fi ṣọdún Kérésìmesì, bẹ́ẹ̀ fóònù kan péré sí ọlọ́pàá abúlé kí a tó sùn ni à bá fi gba àyè fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta ìbòrí sẹ́yìn ilé fún ayẹyẹ, ẹ béèrè bóyá ó gba ìwé àṣẹ, ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, ẹ bu jọ́lọ́ọ̀fù fún wọn ṣáájú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Lyons:

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba odò. Des Plaines tó yí Riverside ká yẹn ló yí tiwa náà ká, ó sì máa ń kún. Ní oṣù kẹrin 2013, mo sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ilé láago márùn-ún ìdájí, omi sì ti dé orúnkún mi. Àpò gàrí méjì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ti wú, àpótí aṣọ òkè ìgbéyàwó wa sì ń léfòó lọ síbi ẹ̀rọ ìgbóná. Pọ́ǹpù tó yẹ kó máa fa omi síta kò ṣiṣẹ́, nítorí iná mànàmáná ti lọ, n kò sì ra bátìrì sí i. Mo pe àwọn adójútòfò ilé mi. Wọ́n ní ìwé tí mo ní kò bo àkúnya odò, mo ka ìwé náà, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Èmi ni n kò kà á.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ìdúró ilé, ẹ fi àdírẹ́sì náà wo àwòrán ilẹ̀ àkúnya omi ti FEMA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjálù. Adójútòfò àkúnya ti ìjọba àpapọ̀ wà lọ́tọ̀, ọjọ́ 30 ló sì máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bí ẹ bá gbà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó báńkì tí ẹ fi ra ilé. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ohun tó ń bò ní abẹ́ ilé kò pọ̀: ẹ̀rọ ìgbóná, ẹ̀rọ omi gbígbóná àti pọ́ǹpù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àga, aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Omi ìdọ̀tí tó bá gba inú páìpù padà wọlé tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ ó ní kí wọ́n fi kún ìwé adójútòfò ilé yín. Lákòótán, ẹ padà lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ fi imú gbóòórùn abẹ́ ilé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìsàlẹ̀ ògiri, bí ẹ bá rí ìlà funfun bí iyọ̀ lára bíríkì, omi ti gba ibẹ̀ rí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Rogers Park:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Òótọ́ ni pé yàrá abẹ́ ilé yẹn ń rùn díẹ̀, wọ́n sì tan àbẹ́là olóòórùn dídùn síbẹ̀. N kò kà á sí nígbà náà. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ọkọ̀ ojú irin ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ òru, ilé ìwé wo ni àwọn ọmọ yóò sì lọ?

Bàbá Ìbejì, Riverside:

Ọkọ̀ ojú irin Metra tó ń gba ojú irin BNSF máa ń gbé wa dé Union Station ní àárín Chicago láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó dára fún àwa oníṣẹ́ ọ̀sán. Lóru ó máa ń dáwọ́ dúró títí di ìdájí, nítorí náà ẹ̀yin nílò mọ́tò. Ní ti ilé ìwé, District 96, ìyẹn àjọ tó ń darí ilé ìwé, ló ni ti àwọn kékeré, District 208 ló ni ti àwọn àgbà, ìyẹn ilé ìwé girama Riverside-Brookfield. Ṣùgbọ́n ààlà ilé ìwé àti ààlà abúlé kò dọ́gba ní apá ibí, nítorí náà nọ́ńbà ilé gan-an ni kí ẹ fi béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ilé ìwé, ẹ má ṣe fi ẹnu alágbàtà mọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Rogers Park:

Wọ́n ní òjò yóò rọ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di alẹ́. A ti sọ fún alágbàtà pé àárọ̀ Ọjọ́rú ni a fẹ́ padà lọ wo ilé náà, kí ó má sì tan àbẹ́là. Ọkọ mi ti ra tọ́ọ̀ṣì.