Okùnfà kọ́ ni: lórí "risk factor" àti àìsàn ọkàn lára ọmọdé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Mọ́níyà kọ lánàá, pé "okùnfà ewu" ni kí a máa fi tú "risk factor" (ohun tó ń mú kó túbọ̀ ṣeé ṣe kí àìsàn ṣe èèyàn), pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Kò tíì parí.

Ìwé pélébé kan tí wọ́n pín fún àwọn òbí ládùúgbò wa ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé pé: "Okunfa ewu aisan okan lara omode". Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ mú un wá bá mi, ó ní kí ló ń fa ewú lórí ọmọdé? Ẹ wò ó o. Ewu kì í gba àmì, ohùn àárín ló wà lórí sílébù rẹ̀ méjèèjì. Ewú ló ń gba àmì òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ìwé bá wà láìlámì, báwo ni òǹkàwé ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ohùn àárín, kó mọ èyí tó jẹ́ ìmẹ́lẹ́ akọ̀wé? Láti 1974 tí wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, ibi tí a wà náà nìyí. Ó máa ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká fi ti àmì sílẹ̀ ná. Okùnfà gan-an ni mo ń bá jà. Ẹ̀gbọ́n ní inú "ohun tó ń fà" ni wọ́n ti yọ ọ́. Èmi ò gbà. Ohùn àárín méjì ló wà lórí "ohun". Níbo wá ni ohùn ìsàlẹ̀ orí "kùn" ti jáde? Ta ló mú kọ́ńsónáǹtì k wọlé? Okùn ni, okùn tí a fi ń so ẹran. Àgbò tí okùn bá wà lọ́rùn ẹ̀, tí a sì fà á, dandan ni kó máa bọ̀. Bí a bá pe nǹkan ní okùnfà àìsàn, ohun tí ará ilé máa gbọ́ ni pé bó bá ti wà lára ọmọ, àìsàn ti dé nìyẹn.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àìsàn ọkàn lára àwọn àgbàlagbà ní 1948, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ níbí ní Ìbàdàn. Inú iṣẹ́ tí Dókítà William Kannel àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde níbẹ̀ ní 1961 ni "factors of risk" wà. Ewu ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ohun tó fà á.

Ti ọmọdé, Bogalusa ni, ní Louisiana. Láti 1973 ni Dókítà Gerald Berenson ti ń yẹ àwọn ọmọ ìlú náà wò, dúdú àti funfun, tí wọ́n sì ń padà yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe ń dàgbà: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, bí ara ṣe tóbi tó, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá. Ní 1998 wọ́n gbé àbájáde àyẹ̀wò òkú 204 jáde, àwọn tó kú láàárín ọmọ ọdún 2 sí 39, tó jẹ́ pé ìjàǹbá ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n la iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Nínú àwọn 93 tí àkọsílẹ̀ ìgbà ayé wọn wà lọ́wọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru jù, tí kò sanra jù, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ìlà ọ̀rá bo ìdá 1.3 nínú 100 ojú iṣan náà. Ẹni tó ní ẹyọ kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, 2.5. Méjì, 7.9. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin, 11.0.

Ẹ bá mi wo 1.3 yẹn dáadáa. Kò ní nǹkan kan, ọ̀rá sì ti wà níbẹ̀. Okùn wo ló fà á?

Ẹ̀gbọ́n tún pòwe, pé bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fa igbó. Òwe gidi ni, àmọ́ ẹ̀yìn mi ló gbè sí. Gbùùrù, ìtàkùn inú igbó, ò dà bí okùn ẹran. Ó ti lọ́ mọ́ èyí, ó ti lọ́ mọ́ tọ̀hún, ìdí nìyẹn tí igbó fi ń mì. Bí nǹkan wọ̀nyí náà ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn kì í sábà dá rìn: ọmọ tó sanra jù, lára ẹ̀ náà ni a ti sábà ń rí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Àbúrò wa ní Ṣàngó mú "aṣínà-àìsàn" wá. Ó dùn mọ́ mi, ọmọ náà gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, wọ́n á kó àmì ẹ̀ dànù, aṣìnà ni a máa bá níbẹ̀.

Apewu ni mo fara mọ́. A-, pè, ewu, bí a ṣe ń wí apẹja. Pè tó bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àárín, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lóhùn àárín, atẹ̀wé kankan ò lè bà á jẹ́. Ẹnìkan lè kà á sí ewú ṣá, ṣùgbọ́n ta ní í pe ewú? Ẹni tí a bá pè, ó lè wá, ó lè má wá. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wa. Ewu tó sì wá láìpè, òun ni 1.3 yẹn.

Ẹnìkan béèrè pé ta ni mí tí mo fi ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ Òopó Yéọsà ni mí, tíṣà sì ni bàbá mi. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí ọ̀rọ̀ tuntun kọ́kọ́ dé etí ẹni tí kò kàwé. Mo gbé apewu tọ ìyá ẹlẹ́kọ yẹn lọ. Nígbà tí mo ka okùnfà fún un lọ́jọ́ kìíní, ojú ẹ̀ yí padà, torí àkọ́bí ẹ̀ sanra. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní iyọ̀ àpọ̀jù, ọ̀rá, jíjókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, apewu ni wọ́n. Ó ní, "Bí mo bá yéé pè é ńkọ́?" Mo ní ó lè má wá, pé mi ò lè búra. Ó béèrè bí iyọ̀ ṣe yẹ kó mọ.

Ó ku ti àyà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ibi ìrònú ni ọkàn, pé "àìsàn àyà" ló yẹ ká máa kọ: ẹ lọ bá alápatà ní Bódìjà, ẹ ní kó gé ọkàn fún yín, kí ẹ wo ohun tó máa gbé lé tábìlì. Ikọ́ náà ń mú àyà dunni, bẹ́ẹ̀ ikọ́ kì í ṣe àìsàn ọkàn. Mo ṣì ń retí èsì yín lórí ìyẹn, àti ti Ẹ̀gbọ́n lórí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "kùn".