Mọ́nítọ̀ kejì kò gbé àwòrán mọ́ lẹ́yìn àpídéètì Windows 11: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè, láti Lugbe, Àbújá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa, ẹ sì kú làálàá ọjọ́ òní. Ìṣòro kan dé bá mi lórí kọ̀ǹpútà, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa wà láàárín wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e síwájú yín.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Wuse àti Garki, inú ilé mi ní Lugbe ni mo sì ti ń ṣe é. Mọ́nítọ̀ méjì ni mo so mọ́ láptọ́ọ̀pù mi. Ọ̀kan wà lójú HDMI ara láptọ́ọ̀pù gan-an. Èkejì ń gba inú dock, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí kíbọọ̀dù, máòsì àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àkọsílẹ̀ báńkì àwọn oníbàárà mi ni mo máa ń ṣí sórí mọ́nítọ̀ kan, Excel á wà lórí èkejì, kí n lè máa fi wọ́n wéra láìsí pé mò ń ṣí ọ̀kan pa ọ̀kan dé.

Ní alẹ́ Àìkú, láptọ́ọ̀pù ní òun fẹ́ gba àpídéètì. Mo gbà á láyè nítorí pé iná wà, n kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó parí tó tún ara rẹ̀ tàn, mọ́nítọ̀ tó wà lójú HDMI tàn, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà orí rẹ̀ ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ń gba inú dock kò gbé ohunkóhun jáde. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, iná kékeré tó wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ á tàn ní àwọ̀ búlúù, á kọ “No Signal”, lẹ́yìn náà iná ọ̀hún á yí sí àwọ̀ ọsàn, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣú. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kíbọọ̀dù àti máòsì tó wà lára dock yẹn kan náà ń ṣiṣẹ́ geerege.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní kí n lọ ra dock tuntun, pé àpídéètì ti ba èyí jẹ́. Owó dock kì í ṣe kékeré lásìkò yìí, n kò sì fẹ́ náwó sórí ohun tí kò bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ oníbàárà mi gbọ́dọ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn, láti Kàdúná

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara mọ́nítọ̀ ni àrùn wà, tàbí ara wáyà, tàbí inú kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ wáyà HDMI kúrò lára mọ́nítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi í sára èyí tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì fi bọ́tìnnì ara mọ́nítọ̀ náà yan HDMI, nítorí pé àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í yí ojú wọn padà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Ẹ tún bá mi wo ẹnu wáyà tó ti ara dock wọ inú láptọ́ọ̀pù: ṣé ẹnu USB pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni, tàbí ẹnu USB-C kékeré tí a lè fi bọ̀ ọ́ lójú, tí a sì lè fi bọ̀ ọ́ lẹ́yìn?

Oníbéèrè

Ẹ ṣeun, sà. Bí mo ṣe fi wáyà HDMI sára mọ́nítọ̀ tó ṣókùnkùn ni ó tàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo tẹ Windows àti P, “Extend” ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn pé kí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé ohun tirẹ̀, bí mo ṣe máa ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin ni ti dock. Mo tún wọ Settings, mo lọ sí System, mo lọ sí Display, mo tẹ “Detect”. Ó ní òun kò rí mọ́nítọ̀ mìíràn.

Ìdáhùn, láti Mínná

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdáhùn tí ẹ mú wá yìí ti já ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kúrò lọ́rùn wa. Mọ́nítọ̀ yín kò ní àrùn kankan, ó sì ṣeé ṣe gan-an pé dock yín náà kò bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n ta ohun tí kò nílò fún òun.

Ọ̀nà méjì ni àwòrán sábà máa ń gbà jáde láti inú láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí mọ́nítọ̀ nípasẹ̀ dock. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn ojú USB-C kan tó lè gbé DisplayPort, ìyẹn ìlànà kan tí a fi ń rán àwòrán sí mọ́nítọ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ àwòrán inú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń ran àwòrán náà jáde, dock kàn ń jẹ́ kó gba inú òun kọjá ni. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn dock tó ń lo USB lásán. Láti inú láptọ́ọ̀pù, ètò kan yóò di àwòrán náà kó lè fúyẹ́, yóò rán an gba USB bí ìgbà tí a ń fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú dock yóò sì tú u fún mọ́nítọ̀. Ẹnu USB pẹlẹbẹ kì í gbé DisplayPort rárá. Nítorí náà, dock tó bá ń gba ẹnu yẹn fi àwòrán ránṣẹ́, ọ̀nà kejì yìí ló ń gbà, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò tó ń di àwòrán.

Ìdí nìyẹn tí kíbọọ̀dù àti máòsì yín fi ń ṣiṣẹ́ tí àwòrán kò fi jáde. Windows mọ kíbọọ̀dù àti máòsì fúnra rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá júwe wọn fún un. Àwòrán ní driver tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá dock sọ̀rọ̀; òun ló ń di àwòrán tí mo sọ lókè. Bí driver náà bá ti pẹ́ tí àpídéètì ńlá sì dé bá a, ó lè má bá ètò tuntun mu mọ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn.

Ẹ dojú dock yín bolẹ̀, kí ẹ ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n ń pè ní DisplayLink ló wọ́pọ̀ jù nínú irú dock bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Apps, ẹ wá DisplayLink nínú àwọn ètò tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ yọ dock kúrò lára láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ọ́ lára iná pẹ̀lú, kí ẹ wá fi “Restart” tún láptọ́ọ̀pù tàn. Ẹ má ṣe lo “Shut down”. Ní ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fast Startup, tó máa ń tọ́jú apá kan lára Windows pamọ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ, kí ó lè tètè tàn padà. “Restart” ni kì í tọ́jú ohunkóhun, tó ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba driver tuntun lórí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ Synaptics, nítorí pé àwọn ló ra DisplayLink ní ọdún 2020. Ẹ má ṣe gbà á lórí àwọn ojú ìwé tó ń sọ pé àwọn yóò bá yín wá gbogbo driver lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi driver náà sínú láptọ́ọ̀pù tán pátápátá kí ẹ tó dá dock padà.

Ti lẹ́tà tó tóbi kò le. Nínú Display, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́nítọ̀ yẹn, ẹ wo “Scale”, ìyẹn ìwọ̀n bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Ó ṣeé ṣe kí àpídéètì ti gbé e sí 150. Ẹ dá a padà sí 100 tàbí 125, kí ẹ sì jẹ́ kí “Display resolution” wà níbi tí Windows fúnra rẹ̀ kọ “Recommended” sí.

Ìdáhùn, láti Kánò

Mo gba ti ará Mínná, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí owó oṣù àwọn ènìyàn ti dúró de ẹ̀gbọ́n wa yìí, ó wù mí kí wọ́n yọ àpídéètì náà kúrò ná, kí iṣẹ́ lè parí. Ẹ wọ Windows Update, ẹ wọ “Update history”, ẹ ó rí “Uninstall updates” nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Windows bọ́ sí ẹ̀yà tuntun pátápátá ni, “Go back” wà nínú Recovery, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó sì fi ń gbà wá láyè.

Ẹ tún ṣí Device Manager, kí ẹ wo abẹ́ “Display adapters”. Bí ẹ bá rí “Microsoft Basic Display Adapter” níbẹ̀ dípò orúkọ Intel tàbí AMD, a jẹ́ pé driver ẹ̀rọ àwòrán gan-an ti sọnù, ọ̀rọ̀ náà yóò sì yí padà.

Ìdáhùn, láti Mínná

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Device Manager yẹn ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí n ti mẹ́nu bà á. Àmọ́ lórí yíyọ àpídéètì, mo bẹ̀bẹ̀ láti yàtọ̀ sí yín. Inú àpídéètì ni wọ́n ń kó àtúnṣe ààbò sí, àkọsílẹ̀ báńkì àwọn ẹlòmíràn ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà yìí. Kò yẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mọ́nítọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde, nítorí náà ohun tí a bá yọ lónìí yóò tún padà wá láìpẹ́, driver àtijọ́ yóò sì tún dá iṣẹ́ dúró. Driver ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Tí ìyẹn bá kọ̀, a ó padà sí ìmọ̀ràn tiyín.

Ìdáhùn, láti Kánò

Ọ̀rọ̀ yín wọlé. Ohun kan tí mo lè fi kún un ni pé “Pause updates” wà nínú Windows Update, ó sì lè dá àpídéètì dúró títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni tó ń ṣe owó oṣù lè máa dá a dúró bí ìparí oṣù bá ti ń súnmọ́, kí ó gbà á láyè nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ìdáhùn, láti Jọ́ọ̀sì

Fún àwọn tó ń lo Mac tó bá ń ka èyí: bí dock yín bá jẹ́ ti DisplayLink, ẹ ní láti fún ètò rẹ̀ láṣẹ nínú macOS láti rí ojú kọ̀ǹpútà. Inú “Privacy & Security” ni àṣẹ náà wà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn àpídéètì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ìdáhùn, láti Sàríà

Ẹ̀gbọ́n, ìkìlọ̀ kan ni tèmi. Bí ẹ bá dé ojú ìwé àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi BIOS tuntun lọ̀ yín, ìyẹn ètò tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ BIOS tí bátìrì kò sì lágbára, láptọ́ọ̀pù náà lè má tàn mọ́. Bí ẹ bá sì padà ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín, ìyẹn ètò Windows tó ń ti fáìlì pa; nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ni kọ́kọ́rọ́ náà; kí ẹ dà á kọ sínú ìwé, nítorí pé Windows lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, ẹni tí kò bá sì ní i kò ní rí ọ̀nà dé ibi tí fáìlì rẹ̀ wà.

Oníbéèrè

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Orúkọ Intel ló wà nínú Device Manager, kò yí padà. Mo sì rí DisplayLink nísàlẹ̀ dock, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, lẹ́tà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti fi iná fóònù wò ó. Mo yọ driver àtijọ́, mo fi “Restart” tún un tàn, mo fi tuntun sí i, mo wá dá dock padà. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àyà mi já, ni mọ́nítọ̀ náà bá tàn. Lẹ́tà orí èkejì náà ti padà sí bó ṣe yẹ.

Ohun kan ló kù: mọ́nítọ̀ tó wà lọ́wọ́ òsì mi, apá ọ̀tún ni máòsì ń gbà dé ibẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ra dock oní-USB-C nígbà tí owó bá wà.

Ìdáhùn, láti Kàdúná

A dúpẹ́ o, mà. Ẹ padà sínú Display, ẹ tẹ “Identify”, nọ́ńbà ńlá yóò hàn lórí mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi máòsì fa àwọn àpótí nọ́ńbà náà títí wọn yóò fi tò bí mọ́nítọ̀ ṣe tò lórí tábìlì yín, kí ẹ sì tẹ “Apply”.

Ìdáhùn, láti Mínná

Ní ti dock tuntun, kì í ṣe gbogbo ojú USB-C ló ń gbé àwòrán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú USB-C láptọ́ọ̀pù yín bóyá àmì mànàmáná Thunderbolt (irú ojú USB-C kan tó ń gbé àwòrán) tàbí àmì DisplayPort tó dà bí lẹ́tà D wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n lè má ya àmì kankan síbẹ̀ kó sì máa gbé e, nítorí náà ẹ yẹ ìwé láptọ́ọ̀pù wò pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń lọ rà á ní Emab Plaza ní Wuse 2, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání, kí ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ mọ́nítọ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.